Orúkọ Ọ̀yọ́ Lára Spitfire

Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù tí mi ò lè wò lẹ́ẹ̀kan kí n má tún un wò. Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni. Spitfire kan, bàálù ajagun Gẹ̀ẹ́sì, ló ń fò nínú rẹ̀, wọ́n kọ DL-Z gàdàgbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni AB216. Bí èèyàn bá la ojú dáadáa, á rí àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ kan níwájú ibi tí awakọ̀ jókòó sí: NIGERIA OYO PROVINCE. Ọdún 1942 ni wọ́n yà á. Hawkinge ní Kent ni ibùdó bàálù náà, létí òkun tó pín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé níyà. Ẹni tó sábà máa ń wà á ni Squadron Leader Bobby Oxspring, ọ̀gá ẹgbẹ́ bàálù ogun tí wọ́n ń pè ní 91 (Nigeria) Squadron.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Lásìkò tí wọ́n ya fọ́tò yẹn, abẹ́ Oyo Province ni Ìbàdàn wà, bẹ́ẹ̀ náà ni Ifẹ̀ àti Iléṣà. Bí wọ́n bá wá ní Oyo Province ló ra bàálù kan, tiwa náà wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to bàálù oníke, àwọn kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ pọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ. Mo ti to Messerschmitt, mo ti to Mustang, mo ti to Zero ti àwọn ará Japan. Torí pé wọ́n rẹwà ni mo ṣe tò wọ́n, mi ò sì rò ó rí pé ta ló sanwó wọn. Ti AB216 yàtọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti rí fọ́tò yẹn ni ọ̀rọ̀ owó ti wọ inú eré tí mò ń ṣe.

Páálí tí mo lò ni ti Spitfire Mk Vb, irú kan náà pẹ̀lú AB216, láti ilé iṣẹ́ Tamiya, ìwọ̀n 1/48. Àbúrò mi kan tó wà ní Peckham ló bá mi fi í sínú ẹrù tó ń bọ̀ wálé. Apá Spitfire gidi, láti ṣóńṣó kan dé èkejì, jẹ́ mítà 11.23. Ẹ pín in sí ọ̀nà 48, ó di sẹ̀ǹtímítà 23 àti díẹ̀. Tábìlì kékeré gbà á, ó tún ṣẹ́ kù ibi tí èèyàn máa gbé ife tíì sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá gbé tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà, ọjọ́ kan á ti búrọ́ọ̀ṣì bọ tíì.

Inú yàrá awakọ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, torí bí a bá ti pa ẹ̀gbẹ́ ara bàálù méjèèjì dé, ọwọ́ ò tún wọ ibẹ̀ mọ́. Àwọ̀ ewé tó pò mọ́ eérú ni wọ́n fi kun inú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ Spitfire ìgbà yẹn, àga awakọ̀ kì í ṣe irin mọ́. Bébà tí wọ́n rẹ sínú oje kẹ́míkà, tí wọ́n wá fún pọ̀ títí tó fi le, ni wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú. Mo gé bẹ́líìtì àga náà lára téèpù, mo fi ẹ̀mú gbé e síbi tó yẹ kó wà. Lẹ́yìn tí mo pa ara bàálù dé, bóyá ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo wàhálà yẹn lojú ń rí. Ọkàn mi ṣáà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Apá ni ayé fi ń dá Spitfire mọ̀. R. J. Mitchell tó ya àwòrán rẹ̀ kò rí ogun náà. Bàálù àkọ́kọ́, K5054, gbéra ní Eastleigh lẹ́bàá Southampton ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 1936, ọdún tó tẹ̀ lé e ni jẹjẹrẹ pa Mitchell, ẹni ọdún 42. Apá tó fi sílẹ̀ tín-ínrín, etí rẹ̀ ṣe róbótó, síbẹ̀ ìbọn wà nínú rẹ̀, táyà náà sì tún ń ká wọ inú rẹ̀. Ìta ni ẹsẹ̀ táyà ń ká sí, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ ara wọn nígbà tí bàálù bá wà nílẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kó ṣe gẹ̀gẹ̀gẹ̀ bó bá ń rìn lórí koríko. Ẹni tó ń to oníke gbọ́dọ̀ gbé e sókè, kó wò ó láti iwájú, kó tó jẹ́ kí gúlúù ẹsẹ̀ yẹn gbẹ. Bí ẹsẹ̀ kan bá yà ju ìkejì lọ, gbogbo iṣẹ́ tó kù á máa wọ́.

Ọ̀dà kíkùn ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń kun mọ́tò ní Sáńgó ni mo ti kọ́ ọ̀dà fífọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ bá a, inú náílọ̀n ni mo di bàálù sí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ọ̀ọ́ o. Wọ́n ti gbá ọ lọ́kọ̀ ni?"

"Rárá, sà. Bàálù ni mo fẹ́ kùn."

Ó gbé ìbọn ọ̀dà rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ẹ̀yìn mi títí dé títì. "Ibo lo wá páàkì ẹ̀ sí?"

Mo tú náílọ̀n. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan jókòó sílẹ̀. Bàbá ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé apá bàálù sókè sí oòrùn, ó fi àtàǹpàkò rá a, ó ní, "Epo wà lára ẹ̀. Fọ̀ ọ́ kó o tó kùn ún, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á bó." Òótọ́ ló sọ. Wọ́n máa ń fi epo sínú ohun tí wọ́n fi ń rọ ike kí ike má baà lẹ̀ mọ́ ọn, díẹ̀ lára epo náà sì máa ń bá ike wá sínú páálí. Ọṣẹ ìfọbọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló ń kápá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ro tínà tirẹ̀ sórí ẹ̀ka ike kan tí mo ti já nǹkan kúrò lára rẹ̀. Lójú wa níbẹ̀, ike náà dẹ̀, ojú rẹ̀ tó ń dán kú, nígbà tí Bàbá sì fọwọ́ kàn án, ìlà ìka rẹ̀ jáde síbẹ̀ kedere. "Ṣó o rí i? Tínà mọ́tò ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀." Akirílíkì ni ọ̀dà tí mò ń lò, sípírítì láti kẹ́mísì ni mo fi ń pò ó. Bàbá gbóòórùn rẹ̀, ó ní ọ̀dà onísípírítì kì í ṣe ọ̀dà gidi, àmọ́ ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ọwọ́ ti ń lọ kí ọ̀dà tó jáde, kó sì tún dáwọ́ dúró kí ọwọ́ tó dúró. Ìyẹn nìkan tó iṣẹ́ ọdún kan.

Ìbàdàn kì í ṣe ibi tí ọ̀dà fífọ́n rọrùn. Bí ọyẹ́ bá dé, ọ̀dà á ti gbẹ lójú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀ lára ike, gbogbo ara bàálù á wá ṣe hárahàra. Bí òjò bá dé, omi á máa jáde láti inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, á sì tu sára apá tí o ti kùn dáadáa. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń ṣe tèmi, kí gbogbo ilé tó jí. Ti iná ò ṣe mí ní nǹkan kan, ínfátà ń gbé ẹ̀rọ náà.

Àwọ̀ bàálù náà ní ìtàn tirẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ogun, àwọ̀ ewé tó ṣú àti àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń kun ẹ̀yìn bàálù ajagun Gẹ̀ẹ́sì, torí orí oko ara wọn ni wọ́n ti ń jà. Nígbà tó di 1941, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí sọdá òkun lọ bá Jámánì ní ilẹ̀ Faransé. Àwọ̀ ilẹ̀ ò sì lè fi bàálù pa mọ́ lórí omi. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n fi àwọ̀ eérú tí wọ́n ń pè ní Ocean Grey rọ́pò rẹ̀. Abẹ́ bàálù di Medium Sea Grey, eérú tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Wọ́n wá fi ọ̀já kan yí ìdí ìrù ká, wọ́n fi irú àwọ̀ kan náà kun imú abẹ̀bẹ̀. Sky ni wọ́n ń pe àwọ̀ yìí, àwọ̀ ewé tó ti ṣá pátápátá. Wọ́n tún fa yẹ́lò sí etí apá níwájú, kí àwọn ará ilé má baà yìnbọn lu ara wọn.

Àwọn atòbàálù lè fi odidi ọ̀sẹ̀ jà lórí Ocean Grey. Ó dúdú jù, ó búlúù jù, ti ilé iṣẹ́ yìí dára ju ti ilé iṣẹ́ yẹn lọ. Tèmi ni pé ohun kékeré máa ń dúdú lójú ju ohun ńlá lọ, bí àwọ̀ wọn tilẹ̀ jọra. Nítorí náà mo máa ń ro funfun díẹ̀ mọ́ gbogbo àwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ìyẹn, kó kọ́kọ́ gbé bàálù gidi wá. Mi ò sì fara mọ́ àṣà tó gbòde báyìí, tí wọ́n á kun bàálù tán, tí wọ́n á tún fi ìpẹ́pẹ́, èéfín àti ìdọ̀tí bò ó, bí ẹni pé wọ́n hú u nínú àkìtàn. Wọ́n ń nu bàálù ọ̀gá ẹgbẹ́. Èéfín díẹ̀ lẹ́yìn ihò ẹ́ńjìnnì Merlin, àwọ̀ tó ṣá níbi tí bàtà awakọ̀ ń gbà gorí apá, mo fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ibì kan wà lára apá tí mo fara balẹ̀ sí ju gbogbo ibi lọ. Mk Vb ní kánńọ́ọ̀nù Hispano 20 mm méjì tó yọ gbọọrọ jáde níwájú apá, ó sì ní ìbọn Browning .303 mẹ́rin tó fara pamọ́ sínú. Ẹnu ìbọn mẹ́rin yẹn, aṣọ pupa ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn kí eruku àti ọ̀rinrin má baà wọlé, torí bí bàálù bá gòkè sínú òtútù, omi tó bá wọ ìbọn á di yìnyín. Bí awakọ̀ bá yìnbọn, ọta á gba inú aṣọ náà jáde. Bí bàálù bá wá ń bọ̀ wálé, etí apá ni àwọn mẹ́káníìkì tó dúró nílẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wò. Bí aṣọ pupa bá ti ya, wọ́n ti mọ̀ pé ìjà wáyé lókè kí awakọ̀ tó la ẹnu.

Mo fi tèmi sílẹ̀ láìya, torí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún 91 Squadron lákòókò yẹn, wíwò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n máa ń jáde, wọ́n á fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí òkun, wọ́n á wo ojú ọjọ́, wọ́n á wo èbúté àwọn Jámánì, wọ́n á wá ròyìn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1942, ojú ọjọ́ ò dáa rárá, Oxspring àti awakọ̀ kan jáde láti Hawkinge, wọ́n sì já sórí ọkọ̀ ojú omi ogun ńláńlá ti Jámánì, Scharnhorst àti Gneisenau, tí wọ́n sá kúrò ní Brest ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń gba òkun tó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọjá lọ sí Jámánì lọ́sàn-án gangan. Kí àwọn ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì tó gbára dì, nǹkan ti bọ́. Àwọn ọkọ̀ náà délé, ojú sì ti ìjọba Churchill.

Orúkọ ló wá kù. Yẹ́lò ni wọ́n sábà fi ń kọ orúkọ ẹni tó ta bàálù lọ́rẹ. Bí a bá dín lẹ́tà náà kù sí 1/48, kò fi bẹ́ẹ̀ ju mílímítà méjì lọ, kò tó ìdajì ẹyọ ìrẹsì. Ọwọ́ mi ò lè kọ ọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán ò sì lè tẹ yẹ́lò sórí àwọ̀ tó ṣú, torí tádà rẹ̀ kò nípọn, àwọ̀ ìsàlẹ̀ á bò ó. Ohun tó wà ní ṣíṣe ni pé kí a lo bébà dékálì funfun, ìyẹn bébà tí wọ́n ń tẹ nǹkan sí láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bàálù, kí a tẹ àwọ̀ ewé yí lẹ́tà ká, kí àwọ̀ ewé ọ̀hún sì bá tara bàálù mu régí. Mo lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Ó ń fi sùúrù yí àwọ̀ padà lórí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù. Lẹ́yìn ìgbà tó ti pẹ́ díẹ̀, ó bi mí léèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Kí ni Ọ̀yọ́ ń wá lára bàálù òyìnbó?"

Mo sọ fún un. Ní oṣù Karùn-ún 1940, Churchill fi Lord Beaverbrook ṣe mínísítà fún ṣíṣe bàálù. Oníwèé ìròyìn ni bàbá náà, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń polówó. Wọ́n dá 5,000 pọ́n-ùn lé Spitfire kan. Ìlú, ilé iṣẹ́ tàbí ilẹ̀ tó bá dá a pé, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára bàálù. Owó tí bàálù náà ń náni gan-an ju ìyẹn lọ dáadáa, àmọ́ 5,000 rọrùn láti sọ lẹ́nu, ó sì rọrùn láti fojú sùn. Owó wá láti gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ìjọba. Àwọn ilẹ̀ tí owó wọn pọ̀, odidi ẹgbẹ́ ni wọ́n sọ lórúkọ wọn: Gold Coast, tó di Ghana, ní 249 àti 218, Nàìjíríà ní 91.

"Tinútinú ni wọ́n fi dá a?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní ló wà lórí oyè nígbà náà. Mo gbà pé àwọn kan fi tinútinú dá owó. Ẹ̀rù Hitler ba àwọn èèyàn níbí náà, ìròyìn ohun tó ń sọ nípa aláwọ̀ dúdú ti dé etí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n bí Ajẹ́lẹ̀ bá jókòó ti ọba, tó ní owó ogun dà, mélòó ni ọba tó máa ní òun ò dá? Bí ọba bá sì ti fún baálẹ̀ ní iye, tí baálẹ̀ fún olórí agboolé ní tirẹ̀, kí ló kù tó ń jẹ́ ọrẹ níbẹ̀? Ìyẹn nìkan tilẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbà. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ti gba kòkó ríra sọ́wọ́ ara rẹ̀, iye tó bá wù ú ló ń dá lé e, èrè orí rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Ní oṣù Kejì 1942, Singapore ṣubú sọ́wọ́ àwọn ará Japan. Gẹ̀ẹ́sì pàdánù epo pupa àti rọ́bà ìhà ibẹ̀, ni wọ́n bá kọjú sí wa pé kí a pa èkùrọ́, kí a kọ rọ́bà. Àwọn ìyá tó fi òkúta pa èkùrọ́ nígbà yẹn, wọn ò kọ orúkọ wọn sára bàálù kankan, bẹ́ẹ̀ èmi ò rò pé ohun tí wọ́n dá kéré sí ti Oyo Province.

Ọmọkùnrin náà tẹ ọ̀kan jáde, ó gbé e fún mi. Àwọ̀ náà bá a mu. Ó ní, "Wọ́n wá jẹ́ kí ọmọ Yorùbá wà á?"

AB216 ni ó ń bi mí, Oxspring ló sì wà á. Àmọ́ kí ogun tó dé, òfin RAF, ẹgbẹ́ ológun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, ò gbà kí ẹni tí kì í ṣe òyìnbó di ọ́fíṣà rárá. Ní oṣù Kẹwàá 1939 ni wọ́n tú òfin náà, ogun ló lé wọn débẹ̀. Ọmọ Èkó kan, Peter Adeniyi Thomas, ló kọ́kọ́ wọlé. Ọdún 1942 kan náà ni wọ́n sọ ọ́ di ọ́fíṣà, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tí RAF ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni Stella Thomas, tó di adájọ́ májísírétì obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ogun ti ń lọ sí òpin nígbà tí bàálù já pẹ̀lú Thomas ní oṣù Kìíní 1945. Ìlú Bath ni wọ́n sin ín sí. Ẹlòmíràn ni Akin Shenbanjo, tó ń ṣiṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì nínú Halifax ti 76 Squadron, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi The Black Prince pe bàálù tí wọ́n jọ ń gùn lọ ju bọ́ǹbù, láti fi bọlá fún un. Inú ọmọ ilé ìtẹ̀wé náà dùn sí ìyẹn ju Spitfire lọ. Ó kọ orúkọ Shenbanjo sínú fóònù rẹ̀, ó sì kọ̀ láti gba owó bébà tó bàjẹ́.

Mo ti fọ́n fánísì tó ń dán sórí ọ̀dà tẹ́lẹ̀, torí bí dékálì bá balẹ̀ sórí ọ̀dà tí kò dán, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á wá máa tàn bíńtín-bíńtín. Mo rẹ dékálì sínú omi lílọ́wọ́wọ́ títí tó fi ń yọ̀ lórí bébà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tì í síbi tó yẹ kó wà, mo kán omi tó ń dẹ dékálì sí i. Omi yẹn máa ń mú kó kọ́kọ́ hunjọ, ọkàn èèyàn á sì fò, ká má fọwọ́ kàn án ni. Nígbà tó gbẹ, ó ti bá ìlà ara bàálù lọ. Fánísì tí kò dán ló kẹ́yìn.

Ilé ìwé kan ládùúgbò ti ní kí n gbé e wá fún àwọn ọmọ kíláàsì ìtàn. Màá gbé e lọ, ṣùgbọ́n inú gíláàsì ló máa wà, mo mọ ọwọ́ àwọn ọmọ.

Páálí mìíràn ti wà nílẹ̀: Spitfire Mk XIV, irú èyí tí 91 Squadron kan náà ń lò ní 1944 láti fi lé V-1, bọ́ǹbù abìyẹ́ tí Jámánì ń rán sí Lọ́ńdọ̀nù láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ ni Jean Maridor, ọmọ Faransé láti Le Havre, wà ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, nígbà tó rí i pé V-1 kan ń já bọ̀ sórí ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Benenden. Ó sún mọ́ ọn gan-an kó tó yìnbọn, ó fọ́ ọ lójú ọ̀run, ìbúgbàù náà sì gbé òun náà lọ. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ Mk V ṣe Mk XIV o, ẹ̀yin tó bá fẹ́ to ó. Griffon ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, imú rẹ̀ gùn, ewé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́ márùn-ún dípò mẹ́ta, apá òdìkejì sì ni ó ń yí sí. Ẹ wo bí ẹnu abẹ̀bẹ̀ ṣe tẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fi gúlúù sí i.